Omi ya wọ ilé bàbá wa ní Bukuru, ṣé ká tún fẹ́ǹsì mọ ni àbí ká tà á?

OmoBukuru

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa tó wà ní Jos, Bukuru, Barkin Ladi àti gbogbo agbègbè ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kíákíá, torí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ń dá owó jọ, wọ́n ní bíríkìlà máa bẹ̀rẹ̀ fẹ́ǹsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọkàn mi ò sì balẹ̀ sí i.

Ilé bàbá wa (Ọlọ́run ó tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere) wà lẹ́yìn Bukuru, lápá ibi tí wọ́n ti ń wa kuza (tíìnì) láyé àwọn òyìnbó. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á mọ̀ pé àwọn kòtò tí wọ́n gbẹ́ nígbà yẹn ti di adágún, omi inú wọn làwọn àgbẹ̀ fi ń bomi rin kábéèjì àti pòtétò lẹ́ẹ̀rùn. Ilé alámọ̀ ni, wọ́n rẹ́ sìmẹ́ǹtì sí i lára, àwa ọmọ wá kọ́ bọ́ìsì kọ́tà oníbúlọ́ọ̀kù sẹ́yìn ẹ̀. Ayálégbé ló wà níbẹ̀ báyìí, èmi Nyanya ní Abuja ni mo ń gbé, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́ tí mo gòkè lọ.

Òjò rọ̀ lálẹ́ Túsìdeé. Òjò Jos lóṣù kẹjọ, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Kì í ṣe pé ó ju ti ọdọọdún lọ. Ohun tó ya gbogbo wa lẹ́nu ni pé òjò ti ń dá, ìyàwó ayálégbé kan ti jáde láti lọ gbé báàfù tó fi gbe omi òjò, ló bá gbọ́ ariwo kan látòkè bí ìgbà tí típà bá ń da yanrìn, kó tó wọlé padà omi ti dé orókùn ẹ̀, wọ́n sáré gbé àwọn ọmọ gun orí tábìlì, wọ́n ń pe Jésù, aládùúgbò ń pe Allah, nígbà tó máa fi tó wákàtí kan omi ti lọ, bí ẹni pé kò wá rí.

Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Àmọ́ fẹ́ǹsì ẹ̀yìn wó lódindi, ó dùbúlẹ̀ gbalaja sínú àgbàlá. Fíríìjì léfòó lọ dí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. Ibi tí omi dé hàn lára ògiri, ó kan ìsàlẹ̀ wíńdò. Àpótí màmá wa tí aṣọ òkè àti fọ́tò ìgbéyàwó wọn wà nínú ẹ̀, ẹrẹ̀ ti wọ gbogbo ẹ̀. Yàrá bàbá, ògiri ti là, ó bẹ̀rẹ̀ láti igun wíńdò ó wá dagun sọ̀kalẹ̀. Ní pálọ̀, nígbà tí omi lọ tán, yanrìn dúdú kan ló kù sílẹ̀, ó ń dán, ó wúwo débi pé ìgbálẹ̀ ò rí i gbá. Àwọn ọmọ ayálégbé ti ń bù ú sínú agolo mílíìkì, wọ́n ní kuza ni, àwọn máa tà á.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé ká tún fẹ́ǹsì mọ kó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí ẹ̀gbọ́n mi àgbà ṣe sọ? Ṣé àwọn ayálégbé lè máa sùn nínú ilé amọ̀ yẹn, torí ó dúró o, àfi ibi tó là yẹn? Kànga ńkọ́? Àbí ká kúkú tà á, kálukú á gba tiẹ̀?

BirikilaRayfield

Ẹ kú ewu omi o ẹ̀gbọ́n, ẹ kú òfò. Iṣẹ́ tó ń bọ́ mi rèé o, síbẹ̀ mò ń sọ fún yín pé ẹ má ná kọ́bọ̀ sórí fẹ́ǹsì yẹn lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ẹ wo bí fẹ́ǹsì yẹn ṣe wó. Ó wó lódindi, ó dojú bo àgbàlá, ìyẹn ni pé omi ò fọ́ ọ, omi tì í ni. Omi tó bá kún inú kòtò tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, mítà kan ní jíjìn, tọ́ọ̀nù kan ló wọ̀n, ẹ wá ro gbogbo èyí tó gbá jọ sẹ́yìn fẹ́ǹsì oníbúlọ́ọ̀kù íǹṣì mẹ́fà tí mo mọ̀ dájú pé kò ní pílà. Ó gbá omi dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà ó já, omi tó yẹ kó máa wọlé díẹ̀díẹ̀ wá rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá mọ ọ́n ga ju tẹ́lẹ̀ lọ, omi tó máa gbá jọ á pọ̀ ju tẹ́lẹ̀ lọ náà nìyẹn. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá máa mọ ọ́n, ẹ fi ihò sílẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ̀ káàkiri kí omi ríbi gbà, kí ẹ fi rọ́ọ̀dù àti pílà sí i.

Ilé amọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn níbẹ̀. Ògiri amọ̀ tó mu omi, ọjọ́ tí omi dé kọ́ ló máa ń wó. Ìgbà tó bá ń gbẹ ni, tí oòrùn ti yọ, tí kálukú ti ń sá ẹní àti bẹ́ẹ̀dì síta, tí wọ́n ń sọ pé ewu ti fò. Ìsàlẹ̀ ògiri ti rọ̀ nígbà tí òkè ṣì wúwo, páànù àti igi àjà wà lórí ẹ̀, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ò sì jẹ́ kí ẹ rí nǹkan kan lójú. Ẹ fi ìka kan ìsàlẹ̀ ẹ̀, tó bá ń dún wórówóró, amọ̀ ti ya kúrò lára sìmẹ́ǹtì nìyẹn. Ẹ há sìmẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ kúrò, látilẹ̀ dé ibi tí omi dé, tinú tòde, kí amọ̀ lè mí. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó há a, ẹ fi igi ti àjà lókè.

Ibi tó là yẹn, ẹ po sìmẹ́ǹtì díẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ẹ̀ níbi méjì mẹ́ta, ẹ fi ìṣó kọ déètì sára ẹ̀ kó tó gbẹ. Tí sìmẹ́ǹtì yẹn bá là, ògiri ṣì ń rìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kó jáde. Àti iná o! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tan iná kí eléńtíríkì tó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì wò, omi ti dé ibẹ̀.

AlhajiTerminus

Ẹ tà á jàre. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló ti ta ilé wọn ní Jos lẹ́yìn wàhálà 2001 àti 2008, wọ́n ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin, ara wọn sì balẹ̀. Ẹ̀yin dúró, a kí yín, àmọ́ àwọn tó ń jà lé e lórí gan-an Abuja ni wọ́n wà. Ta lẹ ń kọ́ fẹ́ǹsì fún?

BirikilaRayfield

@AlhajiTerminus, ta ló fẹ́ rà á báyìí tí ẹrẹ̀ ṣì wà lára ògiri? Ẹni tó bá wá, owó pọ́ọ́kú ló máa dá. Ẹni tó bá sì rà á, ṣé kò ní ọmọ ni?

BabaKuza

Ọmọ mi, ẹ kú àìsùn. Iṣẹ́ kuza ni mo fi tọ́ ọmọ, mo mọ ilẹ̀ Bukuru dé Gyel dé Barkin Ladi. Gbólóhùn kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ tí gbogbo wọn fò kọjá: o ní òjò ti ń dá kí omi tó dé. Ó dé lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi òjò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan tó ń dá omi dúró lókè ló já.

Jẹ́ kí n sọ bí ilẹ̀ yẹn ṣe rí fún ẹ, torí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé Ọlọ́run ló dá àwọn adágún yẹn. Kuza ilẹ̀ wa kò sí nínú òkúta líle tó bẹ́ẹ̀, inú yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ àwọn odò àtijọ́ ló wà. Láti bí 1904 ni àwọn òyìnbó ti ń wá a, rélùwéè kékeré láti Zaria sì ti gòkè dé ní 1914, ojú irin yẹn náà ló gbé púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá pẹ̀lú ọjà lórí. Kò sí bí o ṣe fẹ́ wa kuza láìsí omi. Omi ni wọ́n fi ń fọ ilẹ̀, omi ni wọ́n fi ń ya kuza kúrò lára yanrìn. Torí náà wọ́n yí odò padà kúrò lójú ọ̀nà ẹ̀, wọ́n gbẹ́ gọ́tà gba ara òkè, wọ́n fi erùpẹ̀ dí àfonífojì kí omi lè gbá jọ. Nígbà ogun Hitler, tí àwọn Jàpáànì ti gba Malaya, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń rí kuza, mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n fi tipá kó àwọn èèyàn Àríwá bí 100,000 wá sí pápá kuza, ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó mi wà lára wọn, wọn ò jẹun kánú, ọ̀pọ̀ ò sì padà sílé. Ó yẹ kí ẹnì kan máa sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó di 1985 tí owó tíìnì já lulẹ̀ lágbàáyé, àwọn kọ́ńpìnì kó ẹrù wọn. Wọ́n kó ẹ̀rọ, wọn ò kó kòtò. Àwọn òkìtì erùpẹ̀ tó ń dá omi dúró yẹn, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn mọ́. Igi hù lórí ẹ̀, gbòǹgbò ń wọ inú ẹ̀, eku gbẹ́ ihò sí i, àgbẹ̀ gbẹ́ ojú páìpù pọ́ǹpù gba àárín ẹ̀, àwọn ọmọ tó ń wa kuza lóru gbẹ́ ìdí ẹ̀. Tí omi bá ti gba orí erùpẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, á jẹ ẹ́ já.

Yanrìn dúdú tó wà ní pálọ̀ yín yẹn, òun ni ẹ̀rí. Kuza wúwo ju yanrìn lásán lọ ní bí ìlọ́po méjì ààbọ̀, ìdí nìyẹn tí ìgbálẹ̀ ò fi rí i gbá. Omi tó lè ru ìyẹn dé pálọ̀, inú òkìtì àtijọ́ ló ti wá, agbára ẹ̀ sì pọ̀. Mú mai angwa (olórí àdúgbò) dání, ẹ gòkè tẹ̀lé ojú ibi tí omi gbà, ojúmọmọ ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má rìn nínú ojú omi, etí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà. Wo ohun tó kù lókè kí o tó mọ búlọ́ọ̀kù kankan.

IyaIbejiNọ́ọ̀sì

Ẹ kú ewu o. Ẹ gba agolo mílíìkì yẹn lọ́wọ́ àwọn ọmọ ná, ẹ̀yin èèyàn!

Bàbá ti sọ ti kuza, àmọ́ yanrìn dúdú yẹn kì í ṣe kuza nìkan. Monazite àti zircon máa ń wà nínú ẹ̀, thorium àti uranium, tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, sì wà nínú àwọn yẹn. Kò ní pa èèyàn lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ má sáré kiri. Wàhálà ibẹ̀ ni kó wà nínú yàrá tí ọmọ ń sùn fún ọdún pípẹ́, tàbí kẹ́ ẹ kó o fi po sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri, mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń ṣe é torí ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wọ́n omi sí i kẹ́ ẹ tó kó o, kí eruku ẹ̀ má bàa wọ imú, ẹ fi aṣọ tàbí másìkì bo imú, ẹ fi ṣọ́bìrì kó o jáde kúrò ní gbogbo ilé, má kàn gbá a sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí adìẹ àti ọmọ ti ń ṣeré.

Kànga: ẹ má mu ún, ẹ má fi fọ ẹnu, ẹ má fi fọ ẹ̀fọ́. Omi tó gba orí ṣalángá gbogbo àdúgbò kọjá kó tó bọ́ sínú kànga yín, ó mọ́ lójú o, kò mọ́ nínú. Kí wọ́n fa omi ẹ̀ tán, kí wọ́n kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, kí wọ́n fọ ògiri ẹ̀, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ọ́fíìsì ìlera ìjọba ìbílẹ̀ bá yín da klóríìnì sí i ní ìwọ̀n tó yẹ. Ẹ má gba kó jẹ́ ọmọ kan ló máa wọnú kànga lọ ní òun nìkan, ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí pọ́ǹpù oníbẹntiróòlù sọ̀kalẹ̀ sínú ẹ̀, èéfín ẹ̀ ti pa èèyàn. Kó tó dìgbà náà, omi tí wọ́n bá máa mu, kó hó yáyá fún ìṣẹ́jú kan gbáko.

Tí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru tó dà bí omi ìrẹsì, ọsibítù ni, kì í ṣe àgbo. Lójú ọ̀nà, lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí ẹ gé orí ẹ̀ dọ́gba, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀.

Fọ́tò màmá yín, tí wọ́n bá ṣì tutù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ mọ́ra wọn o. Ẹ rọra ya wọ́n nínú omi mímọ́ tó tutù, ẹ má fọwọ́ pa ojú ẹ̀, ẹ fi pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ gbé wọn kọ́ sórí okùn níbi tí òjìji wà. Tẹ́ ẹ ò bá ráyè báyìí, ẹ kó wọn sínú ọ̀rá, ẹ jù wọ́n sínú fírísà títí ẹ ó fi ráyè. Mo ti ṣe é, ó ṣiṣẹ́.

OnisowoJebba

Ohun tí Bàbá sọ yẹn, ẹ má fi ṣeré. Nígbà omi Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger, òru 28 mọ́jú 29 oṣù karùn-ún 2025, èmi ò jìnnà síbẹ̀, Jebba ni mo wà. Ẹ̀yìn òkìtì ojú irin rélùwéè ni omi gbá jọ sí, pàǹtírí dí àwọn ihò abẹ́ ẹ̀, nígbà tó já, ìlú ti ń sùn. Ó lé ní 200 èèyàn tó kú. Bẹ́ẹ̀ ni ní Jos níbẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè 22 oṣù keje 2012, dáàmù Lamingo kún kọjá etí ẹ̀, ó ya wọ etí odò Delimi, ó kéré tán èèyàn 35 lọ, ààwẹ̀ Ràmàdáànì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń ní òjò ni. Òjò kẹ̀?

Ẹ ya fọ́tò gbogbo nǹkan kí ẹ tó tún un ṣe o, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ mú un lọ fún SEMA (àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìjàǹbá pàjáwìrì) àti ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n lè má fún yín ní nǹkan kan, àmọ́ tí orúkọ yín ò bá sí nínú ìwé, kò tiẹ̀ sí ẹni tó máa rántí yín.

OmoBukuru

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run ó bù kún un yín. A ti kó àwọn ayálégbé sí bọ́ìsì kọ́tà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kó àwọn fọ́tò sínú fírísà, sìmẹ́ǹtì tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri ti là láàárọ̀ yìí.

A gòkè lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú mai angwa àti àwọn àgbẹ̀ méjì. Bàbá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Adágún kan ti gbẹ pátápátá, òkìtì ẹ̀ já láàárín, ibi tó ti já gan-an ni wọ́n gbé páìpù gbà, páìpù náà ṣì ń rọ̀ dirodiro níbẹ̀. Ìyẹn ò dùn mí tó èyí tó kù: adágún míì wà lókè ẹ̀ tó tóbi jù ú lọ, ó kún dé etí, omi sì ń sun jáde nísàlẹ̀ òkìtì ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà fa ọkọ́ yọ, ó ní ká kúkú gé etí ẹ̀ díẹ̀ kí omi máa lọ. Mai angwa dá a dúró. Kí la máa ṣe báyìí?

BabaKuza

Mai angwa gbọ́n. Ẹ ò gbọdọ̀ gé e! Tí omi bá ti rí ojú kékeré lórí erùpẹ̀ tó ti mu omi, kò ní kékeré mọ́ láàárín wákàtí kan, gbogbo ẹ̀ á dé bá yín.

Àwọn àgbẹ̀ yẹn ní pọ́ǹpù. Kí wọ́n gbé pọ́ǹpù sí ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi ilẹ̀ líle tí kì í ṣe òkìtì, kí wọ́n máa fa omi náà wálẹ̀ lọ sí ojú ìṣàn tí kò kọjú sí ilé. Ibi tó ń sun yẹn, ẹ fi ìgò bù ú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Tí omi ẹ̀ bá mọ́ gaara, ẹ ṣì ní àkókò díẹ̀. Tó bá ti ń dàrú tàbí tó bá ń pọ̀ sí i, ó ti ń kó erùpẹ̀ inú òkìtì jáde, kí gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀, tọ̀sán tòru. Kí mai angwa yan ẹni tó máa ṣọ́ ọ lóru tí òjò bá ń rọ̀, pẹ̀lú fèrè. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wá ẹ́ńjíníà tó máa gbẹ́ ojú ọ̀nà omi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dáadáa, kó fi òkúta tẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí bíríkìlà fẹ́ wá yẹn, ìjọba ìbílẹ̀ Jos South ni kó o lọ, Bukuru níbẹ̀ náà ni ọ́fíìsì wọn wà. Má dá lọ, kí ẹ pọ̀.

OmoBukuru

Ẹ ṣé Bàbá. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti gbà ká fi owó fẹ́ǹsì ra epo pọ́ǹpù, àfi ẹ̀gbọ́n àgbà tó ṣì ń sọ pé òun ò lè máa bu epo sí adágún tí kì í ṣe ti bàbá òun. A máa lọ bá wọn ní ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń háyà pọ́ǹpù ńlá onídíísẹ́ẹ̀lì ní Bukuru tàbí Kuru, tí wọn ò ní fi owó pa wá, kó jọ̀ọ́ kọ iye ẹ̀ lójúmọ́ síbí, àwọn tí àgbẹ̀ ní kéré jù.